Ẹ Fún Àwọn Ọ̀dọ́ Akọ̀ròyìn Àyíká Ilẹ̀ Okun ní Lẹ́tà Tí Wọn Yóò Fi Gba Owó Ìrànwọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún, ohun tí ìwé ìròyìn yín lè ṣe láìná kọ́bọ̀: kí ẹ máa fún àwọn ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn tí ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àyíká ní ìwọ̀ oòrùn Kogí, ilẹ̀ àwa Yorùbá tí à ń pè ní Okun, ní lẹ́tà ìfọwọ́sí, pé bí wọ́n bá ṣe ìwádìí wọn parí, tí ó sì péye, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Láìsí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú owó ìrànwọ́ tí ó wà fún iṣẹ́ náà ni ọwọ́ wọn kò lè tó, bí ó ti wù kí wọ́n mọ iṣẹ́ tó.

Nígbà tí omi ya wọ Lọ́kọ́ja ní ọdún 2012 àti ní 2022, a kò wá akọ̀ròyìn tì. Omíyalé ọdún 2022 pa ènìyàn tí ó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà, ó dí ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá, gbogbo ayé sì rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ tí kì í pariwo ni ó pọ̀ jù lọ́dọ̀ tiwa: ihò tí àwọn tí ń wa wúrà gbẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, igi àyìn tí wọ́n ń sun di èédú nínú igbó Bùnú, òkúta tí wọ́n ń fọ́ lójoojúmọ́ ní Obájánà àti Jákúrà. Akọ̀ròyìn kò lè fi ìrìn àjò ọjọ́ kan mọ ìdí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ó gbọ́dọ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó tún padà lọ nígbà òjò. Ó gbọ́dọ̀ bu omi odò, kí ó sì san owó fún àyẹ̀wò rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí owó ọ̀kadà, owó oúnjẹ àti ibi tí yóò sùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí Zamfara. Ní ọdún 2010, òjé (lead), irin olóró tí ó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ ní àwọn abúlé kan níbẹ̀ pa ọmọdé tí kò dín ní 400. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières ni wọ́n tú àṣírí rẹ̀, nígbà tí ikú ti wọlé tán. Èmi kò sọ pé ohun tí ó wà nínú òkúta Zamfara ni ó wà nínú ti Yàgbà, níbi tí Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ wà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó ń lọ sójú kùsà déédéé, tí ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá ọmọ, tí ó ń kó erùpẹ̀ àti omi lọ fún àyẹ̀wò, ni ó lè ta wá lólobó kí ó tó pẹ́ jù.

Owó tí a lè fi ṣe irú iṣẹ́ yìí wà. Earth Journalism Network, tí ẹgbẹ́ Internews dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, máa ń fún akọ̀ròyìn ní owó láti ṣe ìròyìn lórí ìyípadà ojú-ọjọ́, igbó, omi àti ẹranko, kò sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́. Pulitzer Center ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwádìí tí ó gba àkókò. Mongabay, iléeṣẹ́ ìròyìn àyíká kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ètò kan tí wọ́n fi orúkọ Y. Eva Tan pè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022 fún àwọn ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn láti àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ olóoru: oṣù mẹ́fà ni, pẹ̀lú 500 dọ́là lóṣù àti olóòtú tí ń tọ́ wọn sọ́nà. Nílé níbí, Wole Soyinka Centre for Investigative Journalism àti Centre for Journalism Innovation and Development (CJID) máa ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìrànwọ́ fún àwọn tí ń ṣe ìwádìí. Owó ìrànwọ́ tòótọ́ kì í béèrè owó fọ́ọ̀mù. Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn oníjìbìtì tí ń fi irú ètò yìí gba owó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń há ni lẹ́tà olóòtú. Ẹni tí kò bá sí lábẹ́ iléeṣẹ́ ìròyìn kankan ni àwọn tí ń fúnni lówó máa ń ní kí ó mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ olóòtú tí yóò tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ìdí rẹ̀ yé mi, nítorí wọn kò fẹ́ sanwó ìròyìn tí ẹnikẹ́ni kò ní kà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó wà ní Mọpa, tí ó ń kó ìròyìn jọ fún rédíò tí kì í san owó rẹ̀ lásìkò, olóòtú wo ni ó mọ̀ ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn? Yóò kọ̀wé, wọn kò ní dá a lóhùn, gbèdéke yóò sì kọjá. Mo ti rí i kí ó ṣẹlẹ̀ sí ju ẹnì kan lọ nínú àwọn tí mo kọ́ ní jọ́gíráfì, àwọn ọmọ tí wọ́n mọ gbogbo ọ̀nà oko àti odò tí ó wà ní agbègbè wọn, ó sì ń dùn mí gidigidi.

Èdè Yorùbá kì í ṣe ìdíwọ́, bí ọ̀pọ̀ ti rò. Earth Journalism Network gbà kí a kọ ìròyìn ní èdè abínibí, bí akọ̀ròyìn bá ti fi ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kún un. Èyí ṣe pàtàkì fún wa, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ ni àgbẹ̀ àti baálẹ̀ tí ń ka Yorùbá. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ láti wa kùsà bá ìlú tí ó gbà á lálejò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè. Mélòó nínú àwọn àgbà wa ni ó ti fojú rí ìwé àdéhùn náà? Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ó sì fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn kan tí ó ní ìwé ìròyìn lẹ́yìn rẹ̀ lè béèrè ìwé àdéhùn náà, kí ó sì tú u sí èdè tí gbogbo ìlú yóò lóye.

Owó òkèèrè nìkan kò tó gbára lé. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè dúró ní oṣù Kínní ọdún 2025, Internews wà lára àwọn tí ó fara gbá a. Nítorí náà mo rọ ẹgbẹ́ Okun Development Association àti àwọn ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi pé kí wọ́n ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn kan tàbí méjì, fún ìrìn àjò àti àyẹ̀wò omi. Kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí ń wa kùsà, kí wọ́n sì fi yíyan ìròyìn sílẹ̀ fún olóòtú.

Ní ti ìwé ìròyìn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa ka àbá àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, tí yóò sì máa dá wọn lóhùn kí gbèdéke tó kọjá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé rárá ni ìdáhùn náà. Bí ẹ bá kéde ẹni náà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, nígbà tí iṣẹ́ kùsà máa ń gbóná, àwọn ọ̀dọ́ tí mo mọ̀ ní Kábà, ní Mọpa àti ní Ẹ̀gbẹ̀ yóò ti kọ àbá tiwọn ránṣẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ jọ́gíráfì tí ó ti fẹ̀yìntì,
Ìyàrá, Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogí.