Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń yàn láàárín Houston àti Chicago

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ kú oríire. Ilé ìwòsàn méjì ń du nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ọ̀kan ní Houston, ọ̀kan ní Chicago. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo gbọ́ pé gbogbo ará ilé ti ní kí o má wulẹ̀ ronú jìnnà, pé Houston ni: ooru ibẹ̀ jọ tiwa, Yorùbá kún ibẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ náà sì wà níbẹ̀. Èmi tí mo ti gbé Chicago rí, tí mo wá ń gbé Houston báyìí, Chicago ni mo fẹ́ kí o lọ.

Mo mọ̀ pé òtútù ló ń bà ọ́ lẹ́rù. Òtútù Chicago kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019, ó já wálẹ̀ dé ìwọ̀n 31 lábẹ́ òdo ní Celsius, láì tíì ka ti atẹ́gùn mọ́ ọn. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, omi ojú á máa dì mọ́ ìpéǹpéjú. Ṣùgbọ́n kì í wáyé lọ́dọọdún. Nínú oṣù Kìíní tó ṣe déédéé, ọ̀sán á máa sún mọ́ òdo, òru á sì lọ sí bíi méje tàbí mẹ́jọ lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń dẹ́rù bà ọ́ kò sọ ni pé ìlú náà ti múra dè é. Òfin ìlú ní, láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, onílé tó ń pèsè ìgbóná fún ayálégbé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí inú ilé tutù ju 20 lọ lọ́sàn-án, tàbí bíi 19 lóru.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin, bọ́tìnì kan wà tí wàá tẹ̀, iná á sì pọ́n lókè orí rẹ, ooru á máa sọ̀ kalẹ̀ sí ọ léjìká. Ọmọ ilé ìwé, òṣìṣẹ́, arúgbó, gbogbo wa la máa ń fún ara wa mọ́ abẹ́ rẹ̀ títí ọkọ̀ á fi dé. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an.

Ọkọ̀ ojú irin yẹn gan-an sì lọ̀rọ̀ wà. Ìwọ kò tíì mọ ọkọ̀ wà, iṣẹ́ òru ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ fún ọ. Ní Chicago, ọ̀nà ojú irin méjì, Red Line àti Blue Line, ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, Blue Line sì ń gbé èèyàn dé pápákọ̀ òfurufú O'Hare. Ní Houston, ẹni tí kò ní ọkọ̀, ọwọ́ ẹlòmíì ló wà. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ní kí òun máa gbé ọ lọ gbé ọ bọ̀, títí dìgbà wo? Wọn yóò sọ fún ọ pé ìpínlẹ̀ Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù, pé Illinois ń gba 4.95 nínú ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ ni. Owó ilé náà sì dínkù níbí. Àmọ́ epo, ìnṣọ́ránsì àti àtúnṣe ọkọ̀ á jẹ èyí tó pọ̀ nínú owó náà.

Ní ti ooru tó jọ tiwa, má gbà wọ́n gbọ́. Ní Ìbàdàn, bí òjò bá rọ̀ tán, ara á tù wá. Ní Houston, láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, òru gan-an dà bí ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 43. Irin bẹ́líìtì inú ọkọ̀ á jó ọ lọ́wọ́. Inú ilé la ti ń bọ́ sínú ọkọ̀, inú ọkọ̀ la ti ń bọ́ sí ibi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Omi ló wá burú jù. Ilẹ̀ ibí tẹ́ pẹrẹsẹ, kọnkéré ti bo púpọ̀ nínú rẹ̀, omi kò sì tètè ríbi gbà. Nígbà ìjì Harvey ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, òjò tó rọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ ju mítà kan lọ láwọn ibìkan. Omi kún àwọn ìsédò Addicks àti Barker, tí wọ́n fi ń dá omi òjò dúró, títí tó fi wọ ilé àwọn tó wà lókè wọn; nígbà tí ìjọba ṣí wọn, ó tún wọ ti àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í sì san owó omíyalé. Ọ̀tọ̀ lèyí tí wàá rà fún un.

Òtútù tí o ń sá fún gan-an wá bá wa níbí ní oṣù Kejì ọdún 2021. Iná lọ káàkiri Texas, páìpù omi bẹ́ nínú ilé, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ka òkú 246. Òtútù náà kò tó ti Chicago. Ilé wa ni kò múra dè é. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjì Beryl tún já iná ilé àti ilé iṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù méjì lọ, nínú ooru. Inú ọkọ̀ la ti ń gba atẹ́gùn tútù, ibẹ̀ la ti ń ṣáàjì fóònù. Ọbẹ̀ tí mo sè dì sí firísà, ẹran, ewédú, gbogbo rẹ̀ ló kan.

Chicago náà ti rí ooru tó pani o. Ní oṣù Keje ọdún 1995, ó pa èèyàn tó ju 700 lọ, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbà tó ń dá gbé. Nítorí náà, bí Màmá bá máa wá kí ọ, ra ẹ̀rọ amúlétutù ojú fèrèsé sí yàrá wọn. Kí wọ́n wá lóṣù Karùn-ún, kí wọ́n padà sílé kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Etí adágún Michigan wà fún tẹrú-tọmọ, ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀ sì gùn ní nǹkan bíi máìlì 18. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ìrìn àárọ̀ tó.

Houston kò ní sá lọ. Ìgbà tí o bá ti mọ ọkọ̀ wà, tí owó wà lọ́wọ́, tí o mọ ilẹ̀ tí omi kì í dé, máa bọ̀. Ẹ̀fọ́ tútù wà ní òpópónà Bissonnet níbí, òde kì í wọ́n wa ní Sátidé.

Ní báyìí, wá ilé tó sún mọ́ Red Line, ní àdúgbò Rogers Park tàbí Edgewater. Kí o tó buwọ́ lùwé, bi onílé bóyá owó ìgbóná wà nínú owó ilé. Má ra kóòtù òkìrìkà ní Ìbàdàn. Fi ìwọ̀n bàtà àti ti ẹ̀wù rẹ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, màá rà wọ́n síbí, màá fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ ní Chicago.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Houston