Àjàní, ta ni yóò máa fọ abọ́ ní ìlú tuntun yín?

Owódé,
Ọ̀yọ́.

Àjàní ọkọ mi,

Mo rí ìwé tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kọ nípa ìlú tuntun tí ẹ fẹ́ tẹ̀ dó, pẹ̀lú àwọn ìlànà rẹ̀, gbà lórí fóònù. Mo ní kí ọmọkùnrin tó ń ṣe fọ́tókọ́pì ní ìkóríta bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, torí ojú mi ò gbà kí n máa ka ohun tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lórí fóònù mọ́. Bàbá rẹ náà kà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ àwọn fẹ́ tẹ ìlú dó kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé o ka ìwé débi tí ohun tó o kà ò fi jẹ́ kó o sùn. Ṣùgbọ́n o ní kí n sọ èrò mi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí ẹ tó fi owó kan ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà yẹn.

Kí n tó ka ìwé yín tán ni mo ti mọ̀ pé Utopia, ìwé tí Thomas More ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa ìlú àròsọ kan, ti wọ̀ yín lára. Oúnjẹ àjọjẹ, ohun ìní àjọní, ilé tí kò ní kọ́kọ́rọ́, iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà lóòjọ́: gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé yẹn láti 1516. Èmi náà fi kọ́ ọmọ níléèwé, mo sì mọ ibi tó máa ń dùn mọ́ wọn jù, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fi wúrà ṣe póò. Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ wo ibi tí àlá náà ti wá. Lásìkò tí More ń kọ̀wé, àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n ń fi ọgbà yí i ká kí àgùntàn wọn lè rí koríko jẹ, torí irun àgùntàn ló ń mówó wá. Àgbẹ̀ tí wọ́n lé á di olè, wọ́n á sì yẹgi fún un. Inú ìwé yẹn gan-an ni wọ́n ti sọ pé àgùntàn ilẹ̀ náà ti di ajẹ̀nìyàn. Ta ni irú nǹkan báyìí máa ṣojú ẹ̀ tí kò ní máa wá ìlú mìíràn nínú ọkàn ẹ̀? Tiyín náà ò yàtọ̀. Onílé tó ń gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, iná tí kì í wá, ẹni tó kàwé jáde tí kò ríṣẹ́: ojú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹ fi sọ ìyẹn, ó sì dára débi pé mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àròyé ló máa ń lágbára jù nínú irú ìwé báwọ̀nyí. Ibi tí òfin ti bẹ̀rẹ̀ ni ara mi ò ti balẹ̀ mọ́.

Ìlànà keje yín ní gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á jọ máa jẹun, wọ́n á máa kàwé, wọ́n á máa kọrin. Ó dáa. Ìlànà kẹsàn-án wá ní “àwọn òṣìṣẹ́ láti abúlé tó wà nítòsí” ni yóò máa roko, àwọn náà ni yóò sì máa fọ abọ́. Àwọn wo nìyẹn, Àjàní? Ṣé ará ìlú ni wọ́n àbí wọn kì í ṣe ará ìlú? Tí ẹ bá jókòó ìpàdé, ṣé wọ́n á ní ohùn níbẹ̀? Padà lọ ka More, má sì fo ibi tí kò dùn. Ẹrú wà ní Utopia. Àwọn ẹrú ló ń pa ẹran, àwọn ló ń ṣe iṣẹ́ ìdọ̀tí ní gbọ̀ngàn ìjẹun, wúrà tí wọ́n fi ń ṣe póò náà ni wọ́n fi ń rọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n dè mọ́ wọn. Wákàtí mẹ́fà yẹn ò sí fún wọn.

Ìtàn kékeré kan wà tí Ursula Le Guin, òǹkọ̀wé obìnrin ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1973 nípa ìlú kan tó ń jẹ́ Omelas. Ọdún ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ẹṣin ń sáré, fèrè ń dún, kò sí ọba, kò sí ọmọ ogun. Ọmọ kékeré kan wà nínú yàrá òkùnkùn lábẹ́ ilé, ebi ń pa á, ìdọ̀tí bò ó, wọn ò gbọ́dọ̀ bá a sọ ọ̀rọ̀ tútù kankan, torí orí ìyà rẹ̀ ni ayọ̀ gbogbo ìlú dúró lé. Gbogbo wọn ló mọ̀. Bí ọmọ wọn bá ti gbọ́n díẹ̀, wọ́n á mú un lọ wò ó. Ọ̀pọ̀ á sunkún, wọ́n á sì padà sílé. Àwọn díẹ̀ á jáde ní ẹnubodè, wọn ò ní padà wá mọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ìlú aláìlábùkù, ìtàn yìí ló wọ̀ mí lára jù, torí obìnrin yẹn ò fi iye tí ayọ̀ náà ń ná wọn pa mọ́.

Má sì rò pé òyìnbó nìkan ló ń lá irú àlá yìí. Tiwa wà. Àtẹ̀yìnwá la gbé e sí, sáyé Aláàfin Abíọ́dún. Láyé Abíọ́dún la fi igbá wọnwó: bàbá mi àgbà kì í sọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta iṣu lọ́jà Akẹ́sán kó má fi ìyẹn kún un. Ó dùn létí, àwa tá a jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ sì ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n láyé Abíọ́dún náà ni wọ́n ń kó ẹrú gba ọ̀nà Ẹ̀gbádò lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nítòsí òkun, tí wọ́n ń tà wọ́n fún òyìnbó. Ọmọ ẹlòmíràn wà nínú owó ẹyọ tí wọ́n fi igbá wọ̀n.

Ìlànà kejì yín ló bà mí lẹ́rù jù lọ: “Kò sí olórí láàárín wa.” Àwọn baba wa ní Ọ̀yọ́ ò wá ọba tí kì í ṣẹ̀. Wọ́n pè é ní aláṣẹ èkejì òrìṣà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n sì fi Ọ̀yọ́ Mèsì, ìjòyè méje tó ń yan ọba, tì í. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá le jù, Baṣọ̀run, olórí wọn, á gbé igbá òfìfo fún un, ó sì mọ ohun tó kù kó ṣe, ìyẹn kó kú. Ìlànà yìí náà bàjẹ́ o. Gáà di Baṣọ̀run, ó gba agbára yẹn fún ara rẹ̀, ó ń ti ọba lẹ́yìn ọba sọ́run, títí Abíọ́dún fi rí i bì ṣubú ní 1774. N kò ní kí ẹ lọ máa gbé igbá fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa gbé e fún. Ní ìlú yín, ẹni tó lóhùn jù ló máa di olórí, orúkọ nìkan ni kò ní jẹ́, ẹ ò sì ní lè rọ̀ ọ́ lóyè, torí kò joyè kankan. (Mo ti ń fura sí ẹni náà. Ìwé yín kún fún èdè ẹnì kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe tìẹ.) Le Guin rí èyí náà. Nínú ìwé ńlá tó gbé jáde ní 1974, The Dispossessed, ayé kan wà tí kò ní ìjọba, tí kò ní òfin, síbẹ̀ ojú àwọn ará àdúgbò àti owú àwọn ẹlẹgbẹ́ fún ọ̀mọ̀wé kan lọ́rùn títí ó fi wọ ọkọ̀ jáde.

Plato, amòye Gíríìkì ayé àtijọ́, tún wà níbẹ̀, o fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé yín. Gbogbo ènìyàn ló máa ń sọ pé ó lé akéwì kúrò nínú ìlú tó fọkàn yà. Kò lé gbogbo wọn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí orin ìyìn òrìṣà àti oríkì ènìyàn rere wà. Tó bá jẹ́ ààfin wa ni, akùnyùngbà á ríbi gbé, onírárà náà á ríbi gbé. Alárìnjó tó ń fi àwọn ńlá ṣe yẹ̀yẹ́ ló máa dẹrù.

Láàárín àwa Yorùbá, àwọn kan gbìyànjú ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ wọ́n ju More lọ. Ní 1947, àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí tẹ Ayétòrò dó sétí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Kò sẹ́ni tó ń gba owó iṣẹ́ sápò ara rẹ̀. Wọ́n jọ ń pẹja, wọ́n jọ ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n jọ ń hun aṣọ. Ìlú náà lówó, iná mànàmáná sì ń tàn níbẹ̀ nígbà tí àtùpà la ṣì ń lò ní ọ̀pọ̀ ìlú tó jù ú lọ. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn á rí i pé mọ̀lẹ́bí ni ìlú Aiyéró inú Season of Anomy, ìwé ìtàn àròsọ tí Wọlé Ṣóyinká gbé jáde ní 1973, jẹ́ sí i. Nígbà tó yá, àjọní náà tú, oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Òkun tó ń jẹ ilẹ̀ wọn báyìí kì í ṣe ẹ̀bi àjọní, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn bá yín jiyàn. Àmọ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó jọ mọ ìyà tí wọ́n ń sá fún. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ńkọ́? Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ò kọ ohun kan ṣoṣo nípa ọmọ tí ẹ ó bí.

Ohun tó sì dùn mọ́ ìwọ lè máà dùn mọ́ ẹlòmíràn. Edward Bellamy, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé ìtàn àròsọ kan ní 1888 nípa ọkùnrin tó sùn ní Boston tó jí ní ọdún 2000, tó bá ìlú níbi tí gbogbo iṣẹ́ ti wà lábẹ́ ìjọba, tí ènìyàn ń fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún 45. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí ìwé yẹn. William Morris, òǹkọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kà á, ara rẹ̀ bù máṣọ, ó kọ tirẹ̀ ní 1890, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í gbọ́ àṣẹ ìjọba, tí iṣẹ́ ọwọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìgbádùn. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ẹ̀dá, kò sì sí èyí tó lè gbé ìlú èkejì.

Ìdí nìyẹn tí ìlànà kejìlá yín ò fi lè dúró bẹ́ẹ̀: “Ẹni tó bá fi wá sílẹ̀, ohun gbogbo tó mú wá ti di tìlú.” Utopia náà nìyẹn, níbi tí ẹni tó rìnrìn àjò láìgbàṣẹ ti ń jìyà, tó sì ń di ẹrú tó bá tún un ṣe. Ẹ kọ iye tí ẹni tó ń lọ máa gbà padà, àti ìgbà tí ẹ máa san án. Ẹ kọ ọ́ nísinsìnyí tí ẹ ṣì fẹ́ràn ara yín. Ẹ pín abọ́ fífọ̀ láàárín ara yín, kí ẹ san owó gidi fún ará abúlé tó bá bá yín roko, kí ẹ sì yan alága tó ní iye ọdún tó máa lò.

Owó ilẹ̀ náà, má tíì san án. Bàbá rẹ ní àwọn fẹ́ fojú rí ìwé ilẹ̀, kí àwọn sì mọ ẹbí tó ni ín gan-an. Bí ẹ bá ti tún ìlànà yín kọ, fi ránṣẹ́. Tí mo bá rí i pé ẹni tó bá fẹ́ jáde lè jáde, màá dá nínú owó náà, n kò sì ní sọ fún bàbá rẹ iye tí mo dá.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.