Sí Àdìó, kó tó wọkọ̀ ojú irin ní Rọ́ṣíà

Tartu, Estonia
Oṣù Bélú, 2025

Àdìó ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ìwọ náà kú ìmúra. O ní St Petersburg lo máa balẹ̀ sí, wàá fi ọkọ̀ ojú irin jẹ ìgboro Rọ́ṣíà díẹ̀, wàá wá gba Narva wọ Estonia, kí o lo ọ̀sẹ̀ kan lábúlé. O wá béèrè ohun tó yẹ kí o wò. Ààfin àti ṣọ́ọ̀ṣì ò ní sá lọ, ẹnikẹ́ni lè júwe wọn fún ọ. Tèmi ni pé kí o wo bí wọ́n ṣe ń lo iná. Òtútù ló ń jọba níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù márùn-ún lọ́dún, ọ̀pọ̀ ọgbọ́n tí wọ́n sì dá, torí kí ooru má bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìwé kúrò nílẹ̀. Físà méjì lo máa gbà: ti Rọ́ṣíà lọ́tọ̀, ti Schengen, èyí tí wàá fi wọ Estonia, lọ́tọ̀. Bó bá ṣe é ṣe pé wàá tún padà sí Estonia lẹ́yìn tí o bá ti jáde, rí i pé físà Schengen rẹ kì í ṣe ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Tí o bá wọ Rọ́ṣíà, wọ́n á fún ọ ní bébà kékeré kan; má sọ ọ́ nù, wọn á béèrè rẹ̀ nígbà tí o bá ń jáde. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje, ó pọn dandan kí wọ́n fi orúkọ rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Òtẹ́ẹ̀lì máa ń ṣe é fúnra wọn, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ilé èèyàn lo dé sí, onílé ló máa lọ ṣe é, òun gan-an sì ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Káàdì báńkì rẹ ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá: láti oṣù Ẹrẹ̀nà 2022 ni Visa àti Mastercard tí wọ́n ṣe lókè òkun ti dákẹ́ ní Rọ́ṣíà. Owó bébà ni kí o mú dání, má mú èyí tó ti ya.

Tó bá kan ọkọ̀ ojú irin, ra platskart fún òru kan, ó kéré tán. Kóòṣì gbayawu ni, kò ní ilẹ̀kùn láàárín, èèyàn 54 ló ń sùn nínú rẹ̀. Kupe ni tàwọn tó fẹ́ yàrá onílẹ̀kùn, ẹni mẹ́rin mẹ́rin, 36 lápapọ̀. Nọ́ńbà ibùsùn lọ́rọ̀ wà níbẹ̀. Oókan, ẹẹ́ta, aárùn-ún wà nísàlẹ̀. Eéjì, ẹẹ́rin, ẹẹ́fà wà lókè, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Láti 37 dé 54 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí gbogbo èrò ń gbà kọjá, tábìlì ibẹ̀ ni wọ́n sì ń yí padà di ibùsùn ìsàlẹ̀ lálẹ́. Láti 33 dé 38 ni kí o sá fún bí ẹni sá fún gbèsè, torí ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n wà, ilẹ̀kùn á sì máa dún gbàgà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìwọ tí o ga yìí, ẹsẹ̀ rẹ á yọ sójú ọ̀nà ní platskart, àfi bí o bá sùn sí ibùsùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Dojú orí kọ fèrèsé, kí wọ́n má baà máa gbá ọ lórí. Bó o bá ní ibùsùn ìsàlẹ̀, mọ̀ pé ẹni tó wà lókè lè wá jókòó lórí tìrẹ láti jẹun. Má fajú ro.

Ní ìparí kóòṣì, lẹ́bàá yàrá obìnrin tó ń bójú tó yín, provodnitsa, wàá rí àgbá irin kan tó dúró gbọn-in mọ́ ògiri. Titan lorúkọ rẹ̀. Omi híhó inú rẹ̀ kì í tán tọ̀sán-tòru, ọ̀fẹ́ sì ni. Nínú ọ̀pọ̀ kóòṣì àtijọ́, èédú ni provodnitsa fi ń dá iná náà, òun kan náà ló sì ń dá ti páìpù tó ń mú inú kóòṣì gbóná. Ohun tí èrò ń gbé wọlé tẹ̀lé omi yìí: ewé tíì, nudù, ọ̀dùnkún lílọ̀ tí wọ́n ń pò sínú ife. Má bu omi kún ife dé etí, torí ọkọ̀ máa ń fà gìrì nígbà tó bá ń gbéra, àárín ọ̀nà ni tíì á sì ti jó ọ lọ́wọ́. Provodnitsa á yá ọ ní ife gíláàsì tó wà nínú ìdìmú irin oníṣẹ́ ọnà. Ó ń kà wọ́n o, dá a padà kí o tó sọ̀. Bákan náà ni aṣọ ibùsùn tó wá nínú ọ̀rá: aṣọ ìtẹ́lẹ̀ méjì, àpò ìrọ̀rí, táwẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ èrò máa ń ká a fúnra wọn, wọ́n á sì gbé e lọ fún un.

Àṣìṣe tí àlejò máa ń ṣe ni pé wọ́n á di aṣọ òtútù mọ́ra bí ẹni ń lọ sógun. Ìta lè jẹ́ ọgbọ̀n dígírì sísàlẹ̀ òdo, kí inú kóòṣì máa gbóná bí ọ̀sán Ìbàdàn, fèrèsé ò sì ṣeé ṣí. Wọ aṣọ ní ìpele ìpele, mú ṣòkòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti sálúbàtà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú kóòṣì àtijọ́ tún ń já sórí irin tààrà, nítorí náà wọ́n máa ń tì í pa kí ọkọ̀ tó dé ìlú ńlá títí á fi kúrò níbẹ̀. Àtẹ ìdúró wà lára ògiri. Kà á kí o tó mu tíì ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ní ti aago, ilẹ̀ náà ní ẹ̀kùn àkókò 11. Tẹ́lẹ̀, aago Moscow ni wọ́n ń kọ sára gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 1 oṣù Ògún 2018, aago ìlú tí o wà ni. Láti Moscow dé Vladivostok jẹ́ kìlómítà 9,288, wákàtí méje ló sì wà láàárín aago méjèèjì.

Ọkọ̀ ojú irin kankan ò ru èrò kọjá sí Estonia mọ́ láti 2020. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé irin ọ̀hún bára mu: nǹkan bíi milimítà 1,520 ni àlàfo àárín rẹ̀ lápá méjèèjì. Rail Baltica, ọ̀nà irin tuntun tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí, á jẹ́ 1,435, bíi ti Èkó sí Ìbàdàn gẹ́lẹ́. Bọ́ọ̀sì á já ọ sí Ivangorod, ìlú ibodè Rọ́ṣíà, ẹsẹ̀ lo máa fi gun afárá lọ sí Narva, torí mọ́tò ò gba ibẹ̀ mọ́ láti oṣù Èrèlé 2024. Láti oṣù Èbìbí ọdún náà, wọ́n tún ń ti ibodè lóru. Gbangba òde ni wọ́n ń tò sí, ó sì lè gba wákàtí púpọ̀, nítorí náà mú báàgì onítáyà, mú fúláàsìkì omi gbígbóná, kí o sì ti lọ tọ̀ kí o tó wọ ìlà. Àwọn aṣọ́bodè Estonia ń tú ẹrù gbogbo èèyàn.

Bí wọ́n bá tẹjú mọ́ ọ lórí ìlà yẹn, má dà wọ́n lóhùn. Aláwọ̀ dúdú ti ṣe ọ̀gá níbí kí a tó bí bàbá ńlá wọn. Wọ́n mú Abram Gannibal láti Áfíríkà nígbà tó wà lọ́mọdé, ó dé ọ̀dọ̀ ọba Peter ní Rọ́ṣíà, ó di onímọ̀ odi kíkọ́, òun ni olórí ológun ìlú Tallinn láti 1742 dé 1752, nígbà tí wọ́n ń pè é ní Reval. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló bí Pushkin, akéwì wọn àgbà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn bóyá apá Ethiopia àti Eritrea ló ti wá tàbí Logone-Birni, nítòsí adágún Chad. Bó bá jẹ́ ti adágún Chad, aládùúgbò wa ni.

Láti Narva, sọ̀ kalẹ̀ sí etí adágún Peipus. Ní Kolkja, Varnja àti Kasepää, ọmọ Rọ́ṣíà onígbàgbọ́ àtijọ́ ló ń gbé ibẹ̀, àwọn tí baba wọn kọ àtúnṣe tí Nikon, olórí ìjọ Rọ́ṣíà, mú bá ìsìn ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tí wọ́n sì sá wá. Ìka méjì ni wọ́n ṣì fi ń ṣe àmì àgbélébùú. Àlùbọ́sà ni iṣẹ́ wọn. Ebè gíga tóóró ni wọ́n ń kọ kí omi má baà dúró nídìí rẹ̀. Èyí tí wọ́n máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, ilé tó móoru ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí jálẹ̀ òtútù; bí tútù bá mú un, ó máa yọ òdòdó dípò kó ta ìsu. Wọ́n á di í bí irun dídì, wọ́n á gbé e kọ́ sẹ́bàá ọ̀nà. Ra ìdì kan, ra ẹja yíyan tì í.

Níbikíbi lábúlé, béèrè kama: ọkà bálì, ọkà ráì, óòtì àti ẹ̀wà píìsì tí wọ́n yan, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n ń pò sínú wàrà kíkan. Ṣíbí mẹ́ta sí ife kan tó. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ó máa wú bíi gààrì.

Nísinsìnyí, ohun tí mo fẹ́ kí o torí rẹ̀ wá: ilé ìwẹ̀ eléèéfín ní Võrumaa, ní gúúsù Estonia, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé àṣà àjogúnbá ní 2014. Kò ní ihò èéfín lórí òrùlé bíi ti ilé ìdáná. Òkìtì òkúta wà lórí ààrò, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń dá iná, èéfín á sì kún inú ilé títí á fi bá ẹnu ọ̀nà jáde. Igi lepp (alder lédè Gẹ̀ẹ́sì) ni wọ́n fẹ́ràn. Igi olóje bíi páìnì ń ta pàrà, ó sì ń fi dúdú púpọ̀ sílẹ̀. Láàárọ̀ ni iná ti ń jó, ó lè tó wákàtí mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kó ẹ̀yinná jáde tàbí kí wọ́n jẹ́ kó jó tán pátápátá, wọ́n á bu omi díẹ̀ sórí òkúta kí ooru fọ ilé, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n á fọ àga ìjókòó, wọ́n á sì dúró bíi wákàtí kan. Ìdúró yẹn ni kí ẹnikẹ́ni má fò. Ẹ̀yinná tí kò tíì kú ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí imú kì í gbọ́ jáde, èyí kan náà tó ń pa àwọn tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn lọ́dọ̀ wa. Bí orí bá ń fọ́ ọ, jáde lójú ẹsẹ̀.

Ìhòòhò ni wọ́n ń wọ ibẹ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, àyàfi bó bá jẹ́ ìdílé kan. Bọ́ ṣéènì ọrùn rẹ, irin á jó ọ. Má fẹ̀yìn ti ògiri, dúdú á lẹ̀ mọ́ ọ. Jókòó nísàlẹ̀ ná. Òkè ló gbóná jù. Wọ́n á bu omi sórí òkúta, oru á dìde, leil nìyẹn. Ìdì ewé igi birch tí wọ́n gé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n rẹ sínú omi, ni wọ́n fi ń na ara láti ẹsẹ̀ dé èjìká. Lẹ́yìn náà, odò tàbí yìnyín, kí o tún padà. Bó o bá parí, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dá iná: aitäh. Ibẹ̀ ni wọ́n ń bímọ sí nígbà kan, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń wẹ òkú, nítorí náà má sọ ọ̀rọ̀ rírùn, má pariwo.

Bí o bá wá ní oṣù Èrèlé, tí òtútù sì pọ̀ tó, ìjọba lè ṣí ọ̀nà orí òkun dídì lọ sí erékùṣù. Omi dídì náà gbọ́dọ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 24. Tú bẹ́líìtì kúrò lára, kí o lè tètè jáde bó bá ya. Fi mítà 250 sílẹ̀ láàárín ìwọ àti ọkọ̀ iwájú. Yálà o rọra, kò ju kìlómítà 25 ní wákàtí kan lọ, tàbí o sá eré tó wà láàárín 40 sí 70. Láàárín 25 àti 40, ìgbì abẹ́ yìnyín á bá eré ọkọ̀ dọ́gba, á sì fọ́ ọ. Ní ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Seto, ní gúúsù ìlà-oòrùn Estonia, ọ̀nà Saatse tó ń gba ilẹ̀ Rọ́ṣíà kọjá fún nǹkan bíi kìlómítà kan, tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ dúró lórí rẹ̀, Estonia ti tì í pa ní oṣù Ọ̀wàrà 2025. Gba ọ̀nà tó yí ká.

Nínú òkùnkùn, àmì tó ń tàn yòò bí iná mọ́tò bá bà á gbọ́dọ̀ wà lára aṣọ rẹ, òfin ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yẹ ara rẹ wò fún eégbọn bí o bá tinú igbó dé, torí àrùn tó ń mú ọpọlọ wú wà lára wọn. Kí o má sì bọ ènìyàn lọ́wọ́ lórí àbáwọlé ní Rọ́ṣíà, bẹ́ẹ̀ ni kí o má ra òdòdó mẹ́rin tàbí mẹ́fà fún olóore rẹ: ti òkú ni.

Àlùbọ́sà tàbí òkun dídì, o ò lè rí méjèèjì nínú ìrìn kan. Bó bá jẹ́ èmi, ìparí oṣù Ògún ni màá mú, torí omi adágún ṣì gba ẹsẹ̀. Kí o tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, fi nọ́ńbà àwọn ibùsùn tó kù ránṣẹ́ sí mi, kí n bá ọ yan èyí tí kò sún mọ́ ilẹ̀kùn.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàbí