Lẹ́tà sí Bísí nípa ẹni tí mo ra mọ́tò ẹlẹ́ṣin lọ́wọ́ rẹ̀

Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.
Ọjọ́ 14, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Báwo ni baálé rẹ àti àwọn ọmọ? Ooru Houston ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, a dúpẹ́. Òjò ń rọ̀, kòkó sì wà lórí igi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ kò rí bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tí a jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o bi mí ní ìbéèrè kan kí nẹ́tíwọ̀kì tó já: "Kí lo rí lára ọkùnrin tó ta Mustang fún ọ yẹn tó o fi kó owó tó pọ̀ tó báyẹn lé e lọ́wọ́?" Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ti kúrò lọ́kàn mi. Ó yẹ kí o gbọ́ ọ délẹ̀, torí ìwọ lo fà mí yọ nínú kòtò àkọ́kọ́.

Ṣé o rántí mọ́tò pupa tí a rí lójú títì Ọ̀yẹ́mẹkùn nígbà tí a wà ní fọ́ọ̀mù tú? Onílẹ̀kùn méjì ni, ẹṣin kékeré kan tó ń sáré sì wà ní iwájú rẹ̀, ó ń dán yinrin. Mo fi ìka kan ẹṣin náà. Oòrùn ti pa á, ó gbóná, mo yára fa ọwọ́ mi. Ọkùnrin tó ni ín jáde láti ṣọ́ọ̀bù, a rò pé yóò lé wa, àfi bó ṣe dúró tó ń ṣàlàyé fún wa pé Mustang ló ń jẹ́, pé ọdún 1964 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Ìwọ gbàgbé kí a tó délé. Èmi ò gbàgbé láti ọjọ́ náà.

Kòkó ló wá fún mi lówó rẹ̀. Lọ́dún 2024 tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, gbogbo ẹni tó ní ẹrù nínú sitọ́ọ̀ ló rí ojú rere Ọlọ́run. Mo san gbèsè, mo parí ilé ìyá mi, mo san owó ilé ìwé àwọn ọmọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún ara mi pé ó tó àkókò.

Apá kan ṣoṣo lo mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ oníṣòwò àkọ́kọ́. Ojú títì ńlá kan nígboro níbí ni ó ti ń ta mọ́tò, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, wọ́n gbé omi tútù fún mi kí n tó jókòó. Mustang pupa kan dúró láàárín gbọ̀ngàn, wọ́n ti fi òróró ra táyà rẹ̀ títí ó fi dúdú minijọ. Ó ní tuntun ni, ti ọdún 2023, pé ẹnikẹ́ni kò tíì wà á rí. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé Dádì ń bọ̀ wá wò ó. Mo ní bàbá mi ti kú. Ó ní ọkọ mi ni òun ń sọ. Mo ní owó mi ni.

Ó yẹ kí n ti dìde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pupa yẹn ti wọ̀ mí lójú, Bísí. Ó ní oníbàárà kan ń bọ̀ láti Benin ní aago mẹ́rin, pé bí mi ò bá fi nǹkan sílẹ̀, ó lọ nìyẹn. Mo san 500,000 náírà ní àsansílẹ̀, sínú àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́.

Oorun ò kun ojú mi lóru ọjọ́ náà. Bàbá mi ni mo ń rí. O mọ bí wọ́n ṣe máa ń ra kòkó: wọn kì í wo òkè àpò, torí kòkó tó dára ni gbogbo èèyàn máa ń kó sí òkè. Wọ́n á ti ọwọ́ bọ àpò títí dé ìgúnpá, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀, wọ́n á tò ó sórí pákó, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ là á sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá ti bu, bí ó bá ní kòkòrò, bí ó bá ṣì tutù, ọ̀bẹ ni yóò sọ. Ojú àwọn tó ń tà ni èmi tí mo jẹ́ ọmọdé máa ń wò nígbà tí ọ̀bẹ bá jáde. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ á máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni tó ti bomi rin kòkó á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú Múfú mẹkáníìkì mi dání lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nu òróró kúrò lára táyà, ó pè mí kí n wá wo nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára rọ́bà náà: 3520. Ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2020 ni wọ́n ṣe táyà yẹn. A wo nọ́ńbà ṣásíì lábẹ́ gíláàsì iwájú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀, èyí tó ṣe ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀. P ló yẹ kó wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ 2023. M ni mo bá, ìyẹn 2021. Múfú wá jókòó sínú, ó di bẹ́líìtì mú, ó fà á, ó ń fà á, títí ó fi tán pátápátá. Lápá ìsàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í dé, ìlà omi ẹrẹ̀ kan wà, ó ti gbẹ, ó pọ́n bí ìlà omi tó máa ń wà lára ògiri lẹ́yìn àgbàrá. Mo gbóòórùn ibẹ̀. Òórùn ilé tí a ti pa dé fún ọdún kan ni.

Nígbà tí Múfú ń fa bẹ́líìtì yẹn ni mo wojú oníṣòwò náà. Ẹ̀rín ti tán. Ó ní, "Mà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá mi ba mọ́tò jẹ́."

Ìyókù lo mọ̀. Mo fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ọ, o fi owó ara rẹ gba ìtàn ọkọ̀ náà jáde lọ́hùn-ún: omi ti bò ó mọ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ti san owó rẹ̀ fún ẹni tó ni ín, wọ́n sì lù ú ní gbàǹjo. Ọkọ̀ tó ti kú lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fẹ́ tà fún mi ní tuntun! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi bèèrè àsansílẹ̀ mi. Nígbà tí lọ́yà mi kọ̀wé sí i, tó rán an létí òfin tó ń dáàbò bo olùrà, ti ọdún 2018, tó ní dandan ni kí ẹni tó ń ta ohun tí wọ́n ti lò tàbí tí wọ́n tún ṣe sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń rà á, oníṣòwò náà dá owó mi padà ní ìdajì-ìdajì.

Oníṣòwò kejì kò gbà mí ní àsìkò. Èkó ló wà. Mo ní kó fi ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù hàn mí, ẹnu bodè Sẹ̀mẹ̀ ni mo rí lórí rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin dè é pé kí mọ́tò má gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Mo dágbére, mo wọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́.

Ẹnì kan tí a jọ ń ra kòkó ní Ìdànrè ló júwe ẹni kẹta fún mi. Alágbàká ló wà. Kò sí táìlì, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, iyanrìn ni wọ́n dà sí ilẹ̀, mọ́tò mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Mo ní Mustang ni mò ń wá, tuntun. Dípò kó sọ iye rẹ̀, ó gbé àga fún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ máa ń lọ jù láàárín ọ̀sẹ̀?"

Mo ní oko kòkó lápá Ìdànrè, mo sì máa ń lọ sí Ọ̀ndó.

Ó mi orí. Ó ní ikùn ọkọ̀ yìí sún mọ́ ilẹ̀, pé ọ̀nà oko yóò gbá a nísàlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n má ṣe gbé e dé ibẹ̀ láéláé, kí n máa lo píkọ́ọ̀pù mi. Ó ní táyà ẹ̀yìn ló máa ń tì í, pé bí òjò bá rọ̀, bí mo bá tẹ iná mọ́ ọn ní kọ́nà, ìdí rẹ̀ yóò yọ̀. Ó ní kò ní sípíà táyà nínú bùútù, èròjà tí wọ́n fi ń dí ihò táyà àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn ni wọ́n máa ń fi sí i láti Amẹ́ríkà. Ó ní ìdánilójú tí ilé iṣẹ́ Ford ń fún olùrà ní Amẹ́ríkà kò ní tẹ̀ lé e débí, pé ìwé oṣù mẹ́fà tòun lórí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ni òun lè kọ fún mi, pé ẹ̀yà ara rẹ̀ tó bá bàjẹ́ lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé. Ó sọ gbogbo èyí kó tó dárúkọ owó.

Obìnrin kan wà ní Ìdànrè tí bàbá mi kì í la kòkó rẹ̀. Kí bàbá mi tó débẹ̀, obìnrin náà á ti ṣa èyí tó bu sínú igbá, á gbé igbá náà síwájú wọn, á ní, "Èyí kò dára o." Bí ọkùnrin yìí ṣe ń ka àléébù ọjà rẹ̀ fún mi, igbá yẹn ni mo ń rí.

Síbẹ̀ mo là á. Mo ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò. Mo wá orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ lójú òpó CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó wà níbẹ̀. Orúkọ yẹn kan náà ló wà lórí àkáǹtì tó fún mi. Ó fún mi ní nọ́ńbà ṣásíì kí n tó bèèrè: 1FA ló fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn Ford tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, R wà ní ipò kẹwàá, 2024 gan-an. Ìwọ náà wò ó, o ò rí àléébù kankan. Ó fún mi ní nọ́ńbà fóònù àwọn mẹ́ta tó ti rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pè wọ́n, wọ́n yìn ín, ṣùgbọ́n ìyìn yẹn kò tó mi. Ta ni yóò fún ọ ní nọ́ńbà ọ̀tá rẹ̀? Mo padà lọ bá a, mo ní, "Nínú àwọn tí ẹ tà fún, mọ́tò ta ló bàjẹ́?"

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ nọ́ńbà kan fún mi, ó ní tíṣà ni ní Ọ̀ndó, pé àwọn ò rẹ́ dáadáa.

Mo lọ sí Ọ̀ndó lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Bàbá àgbà ni, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ àwọn kú lóṣù kejì, pé àwọn àti ọkùnrin náà pariwo mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé ó ní àwọn ò wà á bó ṣe yẹ. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú ìwé kan jáde tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Ìwé àtúnṣe ni. Gíábọ́ọ̀sì mìíràn, iṣẹ́ ọwọ́, gbogbo rẹ̀ pátá, odo ni wọ́n kọ síbi tí owó tí àwọn máa san yẹ kó wà. Bàbá ní, "A ò kí ara wa dáadáa títí dòní. Ṣùgbọ́n kò jẹ mí ní kọ́bọ̀."

Bísí, ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ wà. Ìwé tí wọ́n ká sí mẹ́rin yẹn ni mo rí tí mo fi lọ sí báńkì ní ọjọ́ Ajé.

Kò gba gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Mo san ìdajì nígbà tí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù jáde, mo san ìyókù lọ́jọ́ tí wọ́n kan nọ́ńbà AKR mọ́ ọn. Aláwọ̀ búlúù ni, mi ò fẹ́ pupa mọ́. Múfú fa bẹ́líìtì rẹ̀ títí dé òpin, ó mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n hun ún. Oníṣòwò náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bá a mú tọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ tó di tèmi, mo wà á lọ sí Ọ̀yẹ́mẹkùn. Ṣọ́ọ̀bù ọjọ́sí ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé ọwọ́ mi lé ẹṣin náà. Ó gbóná. Mi ò fa ọwọ́ mi.

Nǹkan kan ni mo fẹ́ kí o bá mi rà bọ̀ ní December: ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ ojú iná mọ́tò, èyí tó lágbára. Èyí tó bá ọkọ̀ wá dà bí ohun ìṣeré lójú mi, mi ò sì fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ mi lọ́nà Iléṣà láìní sípíà. Fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, n ó san án fún ẹ̀gbọ́n rẹ níbí. Bí ọkọ̀ òfurufú rẹ bá máa balẹ̀ sí Àkúrẹ́, sọ fún mi ṣáájú, èmi ni n ó wá gbé ọ. Àpótí kan péré ni kí o gbé o, bùútù rẹ̀ kò tóbi.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Adéọlá