Àgbádárìgì ni mo yàn fún wa

Ilé-Ifẹ̀,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ìyá Dámọ́lá, ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí olówó orí rẹ, mo kí àwọn ọmọ ní Calgary lọ́hùn-ún. Ara gbogbo wa le níhìn-ín, àfi òjò tí kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé ni mo ti ń ro iṣẹ́ tí o rán mi, pé kí n wá ìlú kan létí òkun tí ìdílé wa méjèèjì ó ti jọ sinmi nígbà tí ẹ bá wálé. Mo ti yàn án. Àgbádárìgì ni.

Mo mọ̀ pé Lẹ́kí ló wà lọ́kàn bàbá àwọn ọmọ. Bá mi bẹ̀ wọ́n. Etíkun Lẹ́kí dára fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ gbọ́ orin títí ilẹ̀ ó fi mọ́, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ń bá wa lọ, àbíkẹ́yìn rẹ náà ṣì kéré. Ọ̀nà etíkun tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là ní 2024, láti Èkó lọ sí Kàlàbá, sì ti gba ilẹ̀ mọ́ àwọn ibi ìgbafẹ́ kan lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí náà ẹ má gbára lé fọ́tò àtijọ́. Ní ìhà Èkó, Tarkwa Bay nìkan ló wù mí. Òkúta tí wọ́n tò sínú òkun láti dáàbò bo ẹnu èbúté ń fọ́ agbára ìgbì kó tó débẹ̀, ọmọdé lè wẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń débẹ̀, ìyẹn ò burú. Àmọ́ bí a bá wẹ̀ tán, kí ló kù tí a fẹ́ ṣe?

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ dárúkọ Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ fún mi. Ìtàn ìlú yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀: àwọn Aládùúrà ló dá a sílẹ̀ ní 1947, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹ, ohun tó wọlé sì jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí òkun ti ń jẹ ìlú náà, ilé ń wó, àwọn ènìyàn ń kó lọ. Mi ò lè kó ọmọ lọ ṣeré níbi tí onílé ti ń sunkún ilé.

Omi méjì ló wà ní Àgbádárìgì, ohun tó mú mi yàn án nìyẹn. Ọ̀sà ló wà níwájú ìlú, ó pa rọ́rọ́, àwọn apẹja ń tu ọkọ̀ lórí rẹ̀. Òkun wà lẹ́yìn erékùṣù Gberefu lódìkejì. Ẹni tó bá bẹ̀rù òkun (ìwọ náà mọ ọkọ mi) lè jókòó sétí ọ̀sà kó máa jẹ àgbọn rẹ̀ ní tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ó gbé àwa yòókù sọdá, kì í pẹ́ rárá, a ó wá fẹsẹ̀ rin yanrìn dé etí òkun.

Ọ̀nà tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà la ó rìn yẹn. Kànga kan wà níbẹ̀. Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri máa ń sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Òpin ọ̀nà náà létí òkun ni wọ́n ń pè ní Point of No Return. O ní Dámọ́lá ń béèrè ọ̀rọ̀ òwò ẹrú lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó débẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dé ilé Seriki Williams Abass náà, kó rí àwọn yàrá tóóró tí wọ́n ń ti ènìyàn mọ́. Wọ́n mú ọkùnrin yẹn lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé, òun náà ló tún padà di oníṣòwò ẹrú. Kí ọmọ gbọ́ ìyẹn pẹ̀lú, kó má lọ rò pé òyìnbó nìkan ló dá ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ìyá ọkọ mi ní tiwọn níbẹ̀. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n láti kékeré, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, kọ́ parí ní 1845, ni wọ́n sì fẹ́ fojú rí. Wọ́n tún fẹ́ dé ibi igi Agia, tí àwọn míṣọ́nnárì wàásù ìhìn rere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842. Igi náà ti wó ní 1959, òkúta ìrántí ló kù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ìrìnàjò yìí fún wọn, wọ́n ní, “Ṣebí Ifẹ̀ níbí ni Igbó Olókun wà, òkun wo lẹ tún ń wá lọ?” Mo ní ìlẹ̀kẹ̀ làwọn ará ijọ́un ń yọ́ dígí ṣe níbẹ̀, kò sí omi tí ọmọ lè wẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ń béèrè irú aṣọ tí wọ́n máa wọ̀.

Fara balẹ̀ ka eléyìí. Òkun wa le. Etí rẹ̀ máa ń jìn lójijì. Omi tí ìgbì bá dà sórí yanrìn gbọ́dọ̀ padà. Á kó ara rẹ̀ jọ sójú kan, á máa sáré lọ sínú òkun. Ojú ibẹ̀ máa ń rọ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ nítorí ìgbì kì í sábà fọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni àlejò máa ń fẹ́ bọ́ sí. Ẹni tó bá bá a jà láti padà tààrà, agbára rẹ̀ á tán. Ńṣe ni kó lúwẹ̀ẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa bá etíkun lọ títí omi náà ó fi tú u sílẹ̀, kó tó kọrí sí orí ilẹ̀. Dámọ́lá lè mọ̀wẹ̀ ní púùlù, púùlù kì í fa ènìyàn. Kò sí ọmọ tó máa kọjá ibi tí omi ti kan orúnkún rẹ̀, àgbàlagbà kan á sì máa dúró níhà òkun sí wọn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ oṣù kẹjọ tí o sọ. Òjò máa ń dá díẹ̀ nígbà yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbì kì í bá a sinmi. Ẹ wá ní Kérésì. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ọdún ní Ifẹ̀, kí a gbéra ní ọjọ́ 28, nígbà tí èrò ọjọ́ kejì Kérésì bá ti kúrò létíkun, tí ti ọdún tuntun ò tíì dé. A ó kúrò nílé ní ìdájí, a ó gba Ìbàdàn. Láti Mile 2 lọ sí Àgbárà, ẹ múra sílẹ̀ fún gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n. Nígbà tí a bá ń padà, wọ́n á máa dá wa dúró yẹ ẹrù wò nítorí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ tó wà nítòsí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ra ìrẹsì o, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Sọ ọjọ́ tí ẹ ó wọlé fún mi kí n lè gba yàrá sílẹ̀. Kí o sì kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ránṣẹ́, mo fẹ́ ra bàtà rọ́bà fún gbogbo wọn lọ́jà, torí yanrìn Gberefu lọ́sàn-án máa ń jó ẹsẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá Tolú