Ẹ̀sùn Lórí Irinṣẹ́ Ìpẹja Etí Òkun Tí Ẹ Tà fún Mi

Ajah,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà.

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Lẹ́tà yìí dá lé irinṣẹ́ ìpẹja tí mo rà lọ́wọ́ yín ní oṣù Kejì, èyí tí ẹ polówó pé ó pé pérépéré fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀ pẹja létí òkun. ₦98,500 ni mo san, láì ka owó ọlọ́kadà tó gbé e wá. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti fi àwòrán rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ̀sùn mi ni pé irinṣẹ́ inú ọ̀sà ni ẹ tà fún mi lórúkọ irinṣẹ́ òkun, àti pé èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí mo kọ sí yín lórí WhatsApp kí n tó sanwó. Mo ní Eléko ni èmi àti àbúrò mi ń lọ, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Mo ní orí yanrìn la máa dúró sí, a ò ní wọ ọkọ̀. Mo ní a ò ṣe irú rẹ̀ rí, kí ẹ bá wa yan ohun tó yẹ, títí kan èyí tó wọ́n ju iye tí mo dá lọ. Ìdáhùn tó ti ọ̀dọ̀ yín wá ni pé èyí tó wà nínú àwòrán gan-an ni a nílò, kí n máà wulẹ̀ wá òmíràn lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo béèrè, ẹ̀yin tí mo bi lẹ sì júwe ibòmíràn fún mi.

Òkun tó wà níwájú Èkó kì í ṣe ọ̀sà. Ọ̀nà jíjìn ni ìgbì rẹ̀ ti ń bọ̀, láti gúúsù Àtìláńtíìkì, ó máa ń ga sókè, á sì wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí ibi tí ènìyàn dúró sí. Kódà ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tí ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀, agbára ṣì wà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìgbì, omi tún ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ẹ̀gbẹ́ etí òkun láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ìṣàn yìí ló ń ru yanrìn lọ láti ibì kan dé ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n to òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó láàárín ọdún 1908 sí 1912 kí ọkọ̀ ńlá lè máa ráyè wọlé, yanrìn kó jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn àwọn òkúta náà, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach ní apá kejì. Gbogbo ẹni tó gbé Victoria Island nígbà kan rí ló mọ ohun tí omi yẹn ṣe. Ẹni tó ń ta irinṣẹ́ ìpẹja l'Ékòó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ, torí òun ló ń sọ irú òjé tó ń mú ìwọ̀ rì, irú okùn àti irú ọ̀pá tí oníbàárà máa mú dání.

Òjé tí ẹ kó fún wa rí róbótó. Nínú omi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò burú. Ní Eléko, bó ṣe balẹ̀ báyìí ló ń yí lọ, omi ń gbé e sọ́wọ́ òsì wa, kò pẹ́ tí ìwọ̀ àti òjé fi tún padà sẹ́sẹ̀ wa nínú ìfófòó omi. A tún un jù, ó tún padà wá. Òjé etí òkun gbọ́dọ̀ ní igun tàbí ìka. Ọ̀kan wà tó rí bíi pírámíìdì tí wọ́n dojú rẹ̀ kodò, ṣóńṣó rẹ̀ á rì wọ yanrìn. Òmíràn wà tí wọ́n fi wáyà mẹ́rin sí lára, àwọn wáyà náà á gún yanrìn mú ṣinṣin, bí ènìyàn bá sì fà á pẹ̀lú agbára, wọ́n á ṣẹ́ padà kí òjé lè jáde. Ìyàtọ̀ owó láàárín òjé róbótó àti onígun kò tó ohun tí ènìyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá àti okùn ló bí mi nínú jù. Ọ̀pá tí ẹ tà fún wa gùn ní mítà 2.1, irú èyí tí wọ́n ń fà jáde látinú ara wọn ni. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára, létí èèkù, pé ẹrù gíráàmù 10 sí 30 ni kí ènìyàn fi jù. Inú páálí kan náà ni ẹ kó òjé gíráàmù 150 sí. Ìlọ́po márùn-ún ohun tí ọ̀pá lè gbé! Ẹni tó di ẹrù náà rí nọ́ńbà méjèèjì, tàbí kó jẹ́ pé kò wò wọ́n rárá. Okùn tó wà lára ríìlì, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń ká okùn, nípọn ní mílímítà 0.25, òun náà ni wọ́n so òjé mọ́ tààrà. Kò sí okùn tó ki ní iwájú rẹ̀, èyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń pè ní shock leader.

Okùn iwájú yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tí ènìyàn bá fi gbogbo ara ju ọ̀pá síwájú, okùn ló ń gba gbogbo agbára náà kí òjé tó kúrò lẹ́nu ọ̀pá. Bí okùn bá tẹ́ẹ́rẹ́, ibẹ̀ ló ti ń já. Ìlànà tí àwọn apẹja etí òkun ń tẹ̀ lé kò le láti há sórí: fún áúǹsì òjé kọ̀ọ̀kan, okùn iwájú gbọ́dọ̀ lè gbé pọ́n-ùn mẹ́wàá. Òjé gíráàmù 150 lé ní áúǹsì márùn-ún díẹ̀, nítorí náà okùn iwájú tó lè gbé pọ́n-ùn 50 ó kéré tán ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ gùn tó pé bí òjé bá ti rọ̀ lẹ́nu ọ̀pá, okùn iwájú náà á ṣì yí ríìlì po lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ohun tí ẹ fi sára ríìlì wa kò tó ìdá mẹ́rin agbára yẹn.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Àbúrò mi ju ìwọ̀, a gbọ́ 'pàà', okùn ti já lókè ríìlì. Òjé náà kò lọ síwájú, ẹ̀gbẹ́ ló gbà lọ, ó fò kọjá lórí àwọn tó jókòó, ó sì balẹ̀ nítòsí ibi tí àwọn ọmọ kéékèèké kan ti ń fi yanrìn kọ́lé. Ọwọ́ la fi gbẹ́ yanrìn ká tó rí i. Ìyá àwọn ọmọ náà kó wọn mọ́ra, ó ń gbọ̀n, kò lè sọ̀rọ̀. Bí òjé bá ba ọ̀kan nínú wọn lórí ńkọ́? Lẹ́tà ẹ̀sùn kọ́ ni ẹ̀ bá máa kà báyìí. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ka ìyókù ohun tí mo kọ, torí owó mi tó ṣòfò kò dùn mí tó ìyẹn.

Bàbá Ìlàjẹ kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lábẹ́ igi àgbọn ló dìde wá bá wa. A kúnlẹ̀ kí i. Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ àbúrò mi, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó yí ríìlì, ó ní: 'Ẹ̀yin ọmọ mi, ti inú ọ̀sà nìyí. Ta ló tà á fún yín?' Mo dárúkọ ilé-iṣẹ́ yín fún un. Bàbá ní kí a ká a kúrò ńlẹ̀ kó tó ṣe ènìyàn léṣe, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. A jókòó ti bàbá títí oòrùn fi rọ̀, a ń wo bí àwọn èèyàn wọn ṣe ń fa àwọ̀n ńlá wá sókè yanrìn, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, gbogbo wọn lórí okùn kan. Ohun tí mo mọ̀ nípa ibi tí omi ti jìn tó ń tọ́jú ẹja láàárín ìgbì àkọ́kọ́ àti ìgbì kejì, ẹnu bàbá náà ni mo ti gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ̀ yín, tí mo sanwó fún, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ríìlì náà ní tirẹ̀, nọ́ńbà ìtóbi rẹ̀ ni 3000, ó kéré fún iṣẹ́ yìí. Ríìlì 6000 sí 8000 ló ń gba okùn tó pọ̀ tó fún jíjù jíjìn. Ìpolówó yín ní iyọ̀ òkun kò lè ràn án. Nígbà tí a délé, mo fi omi tútù tí kò níyọ̀ ṣàn án, mo nù ún gbẹ, mo fi sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Síbẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ń dún kẹrẹkẹrẹ bí mo bá yí i. Ẹni tó ń tún irú rẹ̀ ṣe tú u níwájú mi: àwọn bíárìn inú rẹ̀ ti dípẹtà, wáyà tó ń darí okùn náà ti ń pọ́n. Yanrìn ti há sí oríkèé ọ̀pá, kò ṣeé tì wọlé mọ́. Àwọn ìwọ̀ yín jẹ́ irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń mú epìyà nínú odò, wọn kò lè gbé kúrókà tàbí ọ̀bọ̀kún tó dàgbà. Igi ike tí ẹ ní ká fi gbé ọ̀pá ró kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ìgbì kan ṣoṣo ló hú u. Páìpù tí àwọn pọ́lọ́mbà ń lò, tí a gé ní mítà kan àbọ̀, tí a sì gé ìdí rẹ̀ ní dídágbẹ̀ẹ́, ì bá ṣe iṣẹ́ náà dáadáa ju tiyín lọ.

Mo pè yín. Arákùnrin tó gbé fóònù sọ pé ilé-iṣẹ́ yín kì í gba ohun tí wọ́n ti lò padà. Ẹlòmíràn gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní a ò mọ̀ ọ́n jù ni. Ọ̀rọ̀ kejì yìí dùn mí, torí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n jù ni ẹ polówó ọjà náà fún, ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ara páálí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù kò ní fi òjé 150 sára ọ̀pá 30 láéláé. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ló ń gba ohun tí wọ́n bá kó fún un gbọ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó ń tajà fún un ṣọ́ra jù.

Ní ti pé a ti lò ó, báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ mọ̀ pé irinṣẹ́ òkun kò yẹ òkun láì gbé e dé òkun? Òfin Federal Competition and Consumer Protection Act ti ọdún 2018 ti yanjú èyí. Ó sọ pé bí oníbàárà bá sọ iṣẹ́ pàtó tí ó fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tó tà á, tí ọjà náà kò sì yẹ iṣẹ́ yẹn, oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà láàárín àkókò tó mọ́gbọ́n dání, kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Mo sọ iṣẹ́ pàtó fún yín. Mo dárúkọ etí òkun tí à ń lọ pàápàá.

N kò sọ pé kí irinṣẹ́ tòótọ́ jẹ́ ọ̀pọ́ku. Ọ̀pá mítà 3.6 sí 4.2 tó lè ju gíráàmù 100 sí 200, tó ga tó láti gbé okùn kúrò lórí ìgbì tó ń fọ́, ríìlì tó bá a mu, okùn mílímítà 0.35 pẹ̀lú okùn iwájú tó ki, òjé onígun, mo mọ̀ pé owó wọn ju ohun tí mo san lọ. Bí ẹ bá ti sọ fún mi pé owó mi kò tó, ǹ bá tọ́jú owó sí i títí ìparí ọdún, inú mi ì bá sì dùn sí yín. Àwa tó ń gbé létí òkun yìí tí a kò ní ọkọ̀ ojú omi pọ̀, a fẹ́ dúró lórí yanrìn wa kí a fi edé tàbí ṣàwá gígé ṣe ìjẹ, kí a sì mú ẹja lọ sílé. Ó yẹ kí a rí ẹni tó máa tà á fún wa láìparọ́.

Ohun tí mò ń béèrè nìyí. Ẹ dá ₦98,500 padà fún mi àti owó ọlọ́kadà, kí ẹ sì rán ẹni tó máa wá gbé ẹrù yín. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ 'etí òkun' kúrò nínú ìpolówó ọjà náà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, ẹ pe gbogbo àwọn tó ti ra irú páálí yẹn, nọ́ńbà wọn wà lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi òjé yẹn sára ọ̀pá yẹn mọ́. Èyí kò lè dúró de ìpàdé yín kankan, torí ọjọ́ ìsinmi ń bọ̀, etí òkun á sì kún fún ọmọdé.

Mo fún yín ní ọjọ́ 14 láti ọjọ́ tí ẹ bá gba lẹ́tà yìí. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, màá gbé ẹ̀sùn yìí lọ sí iwájú FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, pẹ̀lú rìsíìtì, àwọn ọ̀rọ̀ WhatsApp wa, àti àwòrán ọ̀pá tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn kedere. Ọ̀pá, ríìlì àti òjé náà wà nílé mi. Ẹni tí ẹ bá rán lè wá gbé wọn lọ́jọ́ Sátidé èyíkéyìí láti aago mẹ́wàá àárọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín ní Ajah.