Irin wẹ́wẹ́ kì í wo jẹjẹrẹ ọyàn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo ka ìròyìn yín lórí irin wẹ́wẹ́ tí àwọn dókítà fi ń tọpa jẹjẹrẹ ọyàn. Inú mi dùn sí i, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé àwọn ènìyàn pé irin yìí kì í wo jẹjẹrẹ. Ọ̀nà ló ń júwe fún oníṣẹ́ abẹ.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Magtrace, tí FDA, àjọ tó ń ṣàmójútó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí lọ́dún 2018, omi aláwọ̀ ilẹ̀ ni, irin tín-tìn-tín ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fà á sínú ọyàn, á sì ṣàn dé kókó abẹ́ abíyá (lymph node) tí jẹjẹrẹ máa ń kọ́kọ́ tàn dé. Ẹ̀rọ tó ń mọ irin ni dókítà fi ń wá a. Fún ẹni tó tètè rí àìsàn náà, kókó díẹ̀ ni wọ́n á yọ láti yẹ̀ wò bóyá jẹjẹrẹ ti dé ibẹ̀. Mo ti tọ́jú àwọn ìyá tí wọ́n kó gbogbo kókó abíyá wọn, tí apá wọn wú, tí wọn ò lè gbé garawa omi mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an ni.

Magtrace kò tún gba technetium, èròjà onítànṣán tí wọ́n máa ń lò fún irú iṣẹ́ yìí, tí agbára rẹ̀ ń dín sí ìdajì ní wákàtí 6.

Ẹ kọ àléébù Magtrace náà: ó lè fi àbàwọ́n sára awọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì lè ba àwòrán MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi mágínẹ́ẹ̀tì yà, jẹ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ onímágínẹ́ẹ̀tì tí àwọn kan ń tà fún ìwòsàn kò sì bá Magtrace tan rárá.

Nọ́ọ̀sì iṣẹ́ abẹ,
Ìbàdàn